Bí mo ṣe kó jọ́tà mi wọ inú fóònù ní Ṣómólú

Òjò oṣù Keje ló dá gbogbo ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù mi ní Ṣómólú, níbi tí mo ti ń to ìwé ìsìnkú àti káàdì ìgbéyàwó kí wọ́n tó lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ̀ wọ́n, ń jò ní igun kan, abẹ́ igun yẹn gan-an ni mo sì fi jọ́tà mi sí. Kì í ṣe jọ́tà lásán. Ọdún mẹ́fà ni mo fi kọ ọ́: irú pépà tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń fẹ́, iye tí mo ra ọjà, àṣìṣe tí mo ti ṣe rí, àti oríkì ìlú àti ti ìdílé tí àwọn oníbàárà máa ń pè kí n lè fi sínú ìwé ìsìnkú bàbá wọn. Oríkì yẹn ló dùn mí jù. Ta ni màá tún lọ bá pé kó wá pè é?

"Àńtí, ẹ ò ṣe kúkú kó o sórí fóònù?" Ọmọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní òdìkejì wa ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ń ka orúkọ àwọn áàpù tí wọ́n fi ń kọ nóòtì bí ẹni ń ka orúkọ ọmọ ìyá rẹ̀: Google Keep, Notion, Evernote, Joplin, Obsidian. Ó tún sọ ìtàn Niklas Luhmann fún mi, onímọ̀ àwùjọ ará Jámánì tó kó nǹkan bí 90,000 káàdì jọ kó tó kú ní 1998, tó fi nọ́ńbà so wọ́n mọ́ra, tó sì ti inú wọn yọ ìwé rẹpẹtẹ. Mo rẹ́rìn-ín. Èmi tí mi ò lè tọ́jú jọ́tà kan ṣoṣo.

Mi ò wo fídíò kankan. Mo mú ojú ewé mẹ́wàá tí omi ò dé, mo tẹ̀ wọ́n sínú áàpù mẹ́ta, mo fi ọ̀sẹ̀ méjì lò wọ́n. Mo pa dátà, mo ní kí n ṣí wọn. Ọ̀kan ń yí po lójú kan, kò ṣí. Mo yọ ọ́ kúrò lọ́jọ́ yẹn, nítorí oníbàárà ò ní dúró dè mí kí n lọ ra dátà.

Wíwá ọ̀rọ̀ ló gbà mí lákòókò jù. Àmì orí àti ìsàlẹ̀ lẹ́tà ni mo fi ń jẹun. Bó bá ṣì nínú ìwé ìsìnkú, ọkọ olóògbé lè di oko. Nínú ọ̀kan lára méjì tó kù, mo wá "Ọ̀fà", kò rí nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ó wà níwájú mi gbangba: "Ìjàkadì l'orò Ọ̀fà", tí oníbàárà fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, tí mo kàn kó síbẹ̀. Mo tún un tẹ̀. Òfo.

Ọmọkùnrin yẹn ló tú u fún mi. Nínú Unicode, ètò tí fóònù àti kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀, ọ ní àyè tirẹ̀ bí lẹ́tà kan, ṣùgbọ́n kò sí àyè fún ọ̀ tàbí ọ́. Ńṣe ni wọ́n ń gbé àmì ohùn lé e lórí lọ́tọ̀. Fóònù ẹnì kan lè bẹ̀rẹ̀ láti o, kó fi àmì sí ìsàlẹ̀, kó tó fi ti òkè. Ti ẹlòmíràn á bẹ̀rẹ̀ láti ọ. Lójú wa, ọ̀kan náà ni. Lójú ẹ̀rọ tí kò bá tò wọ́n dọ́gba kó tó máa wá a, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Ọgbọ́n tí mo dá nìyí: lókè gbogbo ojú ewé, mo ń kọ ìlà kan tí kò ní àmì rárá, ofa oriki isinku ijakadi. Ìlà yẹn ni mò ń wá. Ó burẹ́wà lójú mi, ṣùgbọ́n kò tíì já mi kulẹ̀.

Ó wá ku bí mo ṣe máa kó ẹrù mi jáde bí ilé bá yí padà. Evernote, tó ti wà láti 2008, ti bọ́ sọ́wọ́ ilé iṣẹ́ Bending Spoons ní Ítálì, nígbà tó sì di oṣù Kejìlá 2023, ẹni tí kò sanwó ò lè ní ju nóòtì 50 lọ. 50! Oríkì nìkan jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú jọ́tà mi. Keep rọrùn, mo ṣì ń fi kọ ohun tí mo fẹ́ rà lọ́jà.

Obsidian ni mo mú. Fáìlì ọ̀rọ̀ lásán ni gbogbo ohun tí mo bá kọ síbẹ̀, inú fóònù mi ló wà, Notepad orí kọ̀ǹpútà sì ń ṣí i wẹ́rẹ́. Owó dọ́là ni wọ́n ń gbà lóṣooṣù kí fóònù àti kọ̀ǹpútà lè máa bára wọn mu fúnra wọn. Mi ò san án. Wáyà ni mo fi ń kó o ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Bí mo bá sì fi àkámọ́ méjì-méjì yí orúkọ ojú ewé ká, ó di ọ̀nà: [[Ọ̀fà]] nínú iṣẹ́ ìdílé kan gbé mi lọ síbi oríkì ìlú, ibẹ̀ ni mo ti rí ìdílé mìíràn tí mo ti ṣiṣẹ́ fún rí, pé pépà 135 gram ni wọ́n gbà, wọn ò fẹ́ èyí tó ń dán. Luhmann ò kúkú purọ́.

Mo ti tẹ ojú ewé 112. Àwọn tí omi lẹ̀ pọ̀ ló kù, ọmọọṣẹ́ mi ń fi abẹ fẹ́lẹ́ ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan níwájú fáànù. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí ni: "Àńtí, ẹ wá wo èyí. 'Iki' nìkan ló kù. Ṣé Ìkirè ni àbí Ìkìrun?"