Òwú ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fún wọn, kì í ṣe rúlà

Ẹ̀yin tíṣà kíláàsì kékeré, ẹ kú wàhálà àwọn ọmọ. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ́ wọn ní wíwọn gígùn, ẹ má tíì mú rúlà jáde. Ẹ̀pẹ́ la wà, ẹja pọ̀: ẹ ra èpìyà, àrọ̀ àti ọ̀bọ̀kún ní ọjà Olúwo (ọbẹ̀ alẹ́ yín náà ni). Ẹ gé ẹ̀gún àrọ̀ kúrò ná o, ó ń gúnni.

Kí ọmọ na òwú láti ẹnu ẹja dé ìrù, kó gé e. Bí òwú bá dẹ̀, ẹja kékeré lè "gùn" ju ńlá lọ! Ẹ fa ìlà kan sí ìsàlẹ̀ páálí, kí wọ́n lẹ òwú wọn lóòró, kí ìdí gbogbo wọn jókòó sórí ìlà yẹn, kí wọ́n sì ya ẹja kọ̀ọ̀kan sábẹ́ tiẹ̀. Gíráàfù dé nìyẹn, láìpe nọ́ńbà kankan.

Rúlà ló kàn. Ojú òdo ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe 1, kì í sì í ṣe etí rúlà, torí ọ̀pọ̀ rúlà ló ní àyè díẹ̀ ṣáájú òdo. Ẹ wá bi wọ́n pé sẹ̀ǹtímítà mélòó ni àrọ̀ fi gùn ju èpìyà lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jiyàn ẹ̀ dáadáa.