Bí A Ṣe Lè Fún Adìẹ Ní Èròjà Irin Tó Tó

Èròjà irin ni adìẹ fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Bí kò bá tó nínú oúnjẹ rẹ̀, ogbe orí rẹ̀ tó yẹ kí ó pọ́n yóò ṣá, ìdàgbàsókè rẹ̀ yóò falẹ̀, adìẹ pupa mìíràn sì lè máa hu ìyẹ́ tí kò dán mọ́. Òròmọdìẹ àti bírọ́ílà nílò nǹkan bíi mílígíráàmù 80 nínú kílò oúnjẹ kọ̀ọ̀kan. Nǹkan bíi 45 tó fún èyí tó ń yé ẹyin.

Ẹni tó ń ra oúnjẹ alápò tó dára kò ní ìdí láti dààmú, nítorí irin ti wà nínú premix, ìyẹn àdàpọ̀ fítámì àti èròjà bíi irin, tí wọ́n fi sí i. Àwa tí a ń ra àgbàdo àti sóyà fúnra wa ní Akúrẹ́, tí a sì ń pò ó, ni ọ̀rọ̀ yìí kàn gbọ̀ngbọ̀n. Irin wà nínú wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n èròjà kan tí ń jẹ́ phytate dè é mọ́ra débi pé ìwọ̀nba díẹ̀ ni ìfun adìẹ ń rí gbà. Iyẹ̀pẹ̀ pupa tí wọ́n ń ṣà jẹ ní àgbàlá kò lè dípò rẹ̀, torí irin tó ti dípẹtà kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ ara. Ẹ má ṣe yọ premix kúrò nítorí owó.

Ẹ̀jẹ̀ màlúù ni mo fẹ́ràn jù láti fi kún un. Ẹ gbà á lódò ẹran ní kùtùkùtù, kí ẹ sì gbé e kaná kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Ẹ máa rò ó títí yóò fi dì, tí àwọ̀ rẹ̀ yóò dà bí ti kòkó gbígbẹ; bí ẹ bá fọ́ ìṣù rẹ̀ tí inú rẹ̀ ṣì pọ́n, kò tíì jinná, kòkòrò àrùn sì lè wà níbẹ̀. Ẹ fún omi rẹ̀ dànù, kí ẹ sá a fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ títí yóò fi máa rún. Lásìkò òjò, ẹ yan án nínú agbada lórí iná kékeré. Lẹ́yìn tí ẹ bá lọ̀ ọ́, ẹ fi kílò 2 sínú oúnjẹ kílò 100, kí ó má sì ju 3 lọ.

Bí ogbe bá ṣì ń ṣá, ẹ wo ìgbẹ́ wọn kí ẹ tó ra oògùn ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ sábà máa ń tọ́ka sí coccidiosis, àrùn kan tí kòkòrò ń fà nínú ìfun, ó sì yẹ kí dókítà ẹran rí wọn kíákíá, nítorí irin kò lè dí ohun tó ń jò. Àpọ̀jù irin pẹ̀lú léwu: ó ń dènà èròjà phosphorus tí egungun nílò, ẹsẹ̀ òròmọdìẹ a sì máa wọ́.

Omi bọ́hóòlù tó ní ìpẹtà kò kún oúnjẹ. Ó ń dí ẹnu ẹ̀rọ ìmumi, ó sì ń sọ tetracycline, oògùn apakòkòrò kan, di aláìlágbára. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ fi omi fún wọn ní àjẹsára, ẹ lo omi mìíràn tó mọ́.