Ẹ Má Tíì Sanwó Aláìmẹ́ǹtì: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Láàárín Àwa Onímọ́tò Òṣogbo

Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ yín, kí ẹ wo táyà iwájú láti inú, lápá tó kọjú sí ẹ́ńjìnnì. Ọ̀pọ̀ wa kì í wò ju ìta lọ. Ojú táyà lè dára níta kí wáyà sì ti fẹ́ yọ nínú, torí etí inú ni aláìmẹ́ǹtì, ìyẹn bí wọ́n ṣe to táyà kó kọjú síbi tó yẹ, sábà máa ń jẹ bó bá ti yẹ̀. Irú táyà bẹ́ẹ̀ lè bẹ́ lójú ọ̀nà Gbọ̀ngán, pẹ̀lú ẹ̀mí èèyàn nínú ọkọ̀.

Àṣìṣe tó ń jẹ wá lówó jù ni kí á lọ ṣe aláìmẹ́ǹtì nígbà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀, ìyẹn àwọn irin àti rọ́bà tó di táyà mú, kò tíì dúró. Ẹlòmíì á máa gbọ́ “ko-ko-ko” lábẹ́ ọkọ̀ bó bá ti wọ kòtò, síbẹ̀ ibi ẹ̀rọ aláìmẹ́ǹtì ló máa gbé e lọ. Ohun tí ẹ̀rọ yẹn ń ṣe ni pé ó ń wọn bí táyà ṣe kọjú síwájú àti bó ṣe fì sínú tàbí síta. Oníṣẹ́ á wá yí táì ródì, irin tó so sítíárìn mọ́ táyà, títí ìwọ̀n bí táyà ṣe kọjú síwájú á fi bá ti ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ mu. Bí báálì jọ́ìntì (oríkèé irin ẹsẹ̀ ọkọ̀) tàbí bọ́ọ̀ṣì (rọ́bà ẹsẹ̀ ọkọ̀) bá ti jẹ, ìwọ̀n yẹn lè ti yẹ̀ kí ẹ tó dé Oríta Ọláìyá. Kò yàtọ̀ sí kéèyàn na okùn mọ́ òpó tó ń mì.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí mẹkáníìkì yín fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀, kí ó di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, kí ó mì ín. Bí ó bá yẹ̀, báálì jọ́ìntì tàbí bẹ́ríìnì tí táyà fi ń yí ni. Kí ó tún dì í mú níwájú àti lẹ́yìn. Bí ó bá yẹ̀ níbẹ̀, ẹ wo táì ródì. Ẹ pààrọ̀ èyí tó bá bàjẹ́ ná. Aláìmẹ́ǹtì ló ń gbẹ̀yìn.

Òdìkejì rẹ̀ náà wà, ìyẹn kí á má ṣe aláìmẹ́ǹtì lẹ́yìn àtúnṣe. Mẹkáníìkì á pààrọ̀ táì ródì, á ní òun ti ka iye ìgbà tí òun yí i, pé bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ ló ṣe wà. Kí ọkọ̀ lè dé ibi ẹ̀rọ ni kíkà yẹn wà fún. Kò wọn nǹkan kan.

Àwọn kan ń dúró dìgbà tí sítíárìn bá ń fà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dúró. Bí táyà méjèèjì bá yà síta bákan náà, ọkọ̀ á máa lọ gbọnrangandan, táyà á sì máa jẹ lójoojúmọ́. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún tàbí ní nǹkan bí 10,000 kìlómítà, àti nígbàkigbà tí ẹ bá já sínú kòtò ńlá tí omi òjò bò.

Bí sítíárìn bá ń gbọ̀n nígbà tí eré bá wọ 80 sí 100 kìlómítà ní wákàtí kan, báláǹsì ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè, ìyẹn òjé kékeré tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ríìmù. Aláìmẹ́ǹtì kì í wo ìyẹn sàn. Ẹ má sì gbé táyà tó ti jẹ lápá kan sẹ́yìn kí ẹ rò pé ó parí. Ohun tó jẹ ẹ́ á jẹ èyí tí ẹ fi rọ́pò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí fọkanáísà wọn afẹ́fẹ́ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Iye tó yẹ sábà máa ń wà lára férémù ilẹ̀kùn awakọ̀. Ẹ kó ẹrù kúrò nínú búùtù. Ẹ rí i pé irú ọkọ̀ yín gan-an ni wọ́n tẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, tòun ti ọdún rẹ̀: ìwọ̀n Corolla kọ́ ni ti Camry Muscle. Ẹ béèrè ìwé tó fi ìwọ̀n ìṣáájú àti ti ìkẹyìn hàn. Ẹni tó bá fi ojú lásán wò ó, tó ní “Alàájì, ó ti tọ́,” ẹ má fún un lówó.

Ẹ wà á lójú ọ̀nà tó tẹ́jú kí ẹ tó máa lọ sílé. Bí ó bá ń tẹ̀ sọ́tùn-ún díẹ̀, ó lè jẹ́ pé ọ̀nà ló dagẹ̀rẹ̀ sí gọ́tà; ẹ dán an wò lójú ọ̀nà mìíràn. Bí ó bá ṣì ń fà, ẹ ní kí wọ́n gbé táyà iwájú ọ̀tún sí òsì, kí wọ́n gbé ti òsì sí ọ̀tún. Bí ó bá wá ń fà sí apá kejì, táyà ló ń ṣe é. Bí kò bá yí padà, ẹ dá ọkọ̀ padà lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n sì yẹ bíréèkì wò pẹ̀lú, torí bíréèkì tó lẹ̀ náà máa ń fa ọkọ̀.