Ẹ béèrè omi kẹ́ ẹ tó béèrè ilẹ̀: yíyẹ káúntì ìgbèríko wò ní Ìwọ̀-Oòrùn Amẹ́ríkà

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ra ilẹ̀ gbé ní káúntì ìgbèríko (káúntì dà bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa) lápá ibẹ̀, ilẹ̀ pọ̀ lọ jàra. Omi ni kò tó. Bí ọ̀rọ̀ omi ò bá ti dán mọ́rán, ẹ má wulẹ̀ yẹ ìyókù wò.

Odò lè gba àárín ilẹ̀ yín kọjá kó má jẹ́ tiyín. Lábẹ́ òfin omi tó wọ́pọ̀ jù lápá ibẹ̀, ẹni tó kọ́kọ́ lo omi náà ló kọ́kọ́ lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Lọ́dún ọ̀dá, ẹni tí ìwé rẹ̀ jẹ́ ti 1885 á bu tiẹ̀ tán kó tó kan ẹni 1960. Ọjọ́ orí ìwé ẹ̀tọ́ omi yẹn ni kẹ́ ẹ wò. Odò tó ń ru gùdù lóṣù karùn-ún, tí òjò dídì orí òkè ń yọ́, lè di òkúta gbígbẹ lóṣù kẹjọ. Oṣù kẹjọ ni kẹ́ ẹ lọ wò ó.

Kànga ní òfin tiẹ̀. Ní Oregon, kànga ilé lè fa 15,000 gálọ́ọ̀nù lóòjọ́ láìgbàwé àṣẹ, ṣùgbọ́n ọgbà tẹ́ ẹ máa fi bomi rin ò gbọ́dọ̀ ju ìdajì ékà lọ. Ní Colorado, ilẹ̀ tí kò tó 35 ékà sábà máa ń rí àṣẹ omi inú ilé nìkan gbà: kò sọ́gbà, kò sẹ́ran ọ̀sìn.

Ẹ gba àkọsílẹ̀ ẹni tó gbẹ́ kànga náà, àti tàwọn aládùúgbò. Bí kànga tuntun bá ń jìn ju àtijọ́ lọ, ó ṣeé ṣe kí omi abẹ́ ilẹ̀ máa lọ sílẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fa omi fún wákàtí mẹ́rin gbáko, kí wọ́n máa wọn bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Gálọ́ọ̀nù kan ní ìṣẹ́jú kan jẹ́ 1,440 lóòjọ́; ó tó ìdílé kan bẹ́ ẹ bá ní táǹkì ńlá, kò tó oko. Ẹ yẹ ásẹ́níìkì, ìyẹn májèlé kan, wò nínú omi náà: kò lóòórùn, kò sì nítọ̀ọ́wò.

Mànàmáná ló ń gbé pọ́ǹpù. Iná lọ, omi lọ. Ní California, iléeṣẹ́ mànàmáná máa ń pa iná fúnra wọn nígbà atẹ́gùn líle, kí wáyà má baà dá iná igbó sílẹ̀. Ẹ wá ilẹ̀ tó ní gegele: táǹkì tó fi 70 ẹsẹ̀ bàtà ga ju ilé lọ á fún un ní agbára omi bíi 30 psi (ìwọ̀n agbára tí omi fi ń tì), láìsí jẹnẹrétọ̀.

Ti erùpẹ̀ ò le: ẹ lo Web Soil Survey, máàpù erùpẹ̀ orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ìjọba ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, kẹ́ ẹ sì fi ṣọ́bìrì gbẹ́ ihò mẹ́ta fúnra yín.

Ọ̀nà ló kù. Lọ́dún 2018, iná igbó tí wọ́n pè ní Camp Fire pa ènìyàn 85 nílùú Paradise ní California àti agbègbè rẹ̀. Ọkọ̀ àwọn tó ń sá lọ há mọ́ra lójú ọ̀nà. Ẹ wakọ̀ gba gbogbo ọ̀nà àbájáde. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan, tó sì gba inú igbó, ẹ fi ilẹ̀ náà sílẹ̀. Ẹ má kọ́lé sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó ga ju àfonífojì onígbó lọ, torí iná a máa sáré gun òkè. Ẹ pe onínṣọ́ránsì kẹ́ ẹ tó sanwó ilẹ̀; ó lè ní òun ò gbà á. Ní ọ́fíìsì káúntì, ẹ béèrè bóyá ẹ̀tọ́ ọ̀nà náà wà nínú ìwé, ta ló ń kó òjò dídì kúrò lójú ọ̀nà, ta ló sì ni ohun àlùmọ́nì abẹ́ ilẹ̀. Ẹni tó ta ilẹ̀ lè máà tà wọ́n mọ́ ọn.