Bí a ṣe ń tọpasẹ̀ oyè àtijọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí a ó fi dé ọ̀dọ̀ àrólé

Tí Earl kan, ìyẹn olóyè ńlá kan, bá kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sí afọbajẹ tó máa jókòó, ìdílé kankan kò ní fa ọmọ oyè kalẹ̀, wọn kò sì ní bi Ifá. Bí ẹ̀mí bá ti bọ́ lára ẹni tó wà lórí oyè báyìí, àrólé rẹ̀ ti di Earl nìyẹn, ì báà jẹ́ ọmọ ọdún méjì tí kò tíì mọ orúkọ ara rẹ̀ kọ. Lẹ́tà tí ọba kan fọwọ́ sí ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún sẹ́yìn ló ti yàn án. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ẹni tí oyè tọ́ sí, iṣẹ́ méjì ló ní: kó wá lẹ́tà yẹn rí, kó sì to ìdílé náà lẹ́sẹẹsẹ. Oyè Earl ti Devon ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ, torí mi ò mọ oyè mìíràn tí ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà ti ṣe irú iṣẹ́ tó ṣe nínú tirẹ̀.

1. Ẹ mọ oyè tí ẹ ń wá gan-an, àti ọdún tí wọ́n dá a

Orúkọ oyè kan lè kú kó sì tún jí lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin. Ní nǹkan bí 1141 ni Matilda, tó ń bá Stephen du adé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi Baldwin de Redvers jẹ Earl ti Devon. Isabella de Fortibus ló kẹ́yìn ìdílé náà lórí oyè, ó sì kú ní 1293. Ní 1335, oyè bọ́ sọ́wọ́ Hugh de Courtenay, ẹni tí ọ̀kan nínú àwọn ìyá ńlá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Redvers. Ní 1461, nígbà tí ilé Lancaster àti ilé York ń bá ara wọn jagun, wọ́n mú Earl Thomas Courtenay lẹ́yìn ìjà Towton, wọ́n bẹ́ ẹ lórí ní York, ìjọba sì gbẹ́sẹ̀ lé oyè. Henry VII tún dá a fún Edward Courtenay ní 1485. Henry VIII gbé ọmọ-ọmọ Edward yìí ga, ó sọ ọ́ di Marquess ti Exeter ní 1525, òun kan náà ló sì tún ní kí wọ́n bẹ́ ẹ lórí lórí ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀. Lẹ́yìn náà ni 1553 tó dé, ọdún tí ọ̀rọ̀ wa dá lé.

Ẹ má ṣe da Earl ti Devon pọ̀ mọ́ Duke ti Devonshire o. Ìdílé Cavendish ló ni Devonshire, láti 1618 tí James I ti fi wọ́n jẹ Earl. Ilé wọn, Chatsworth, sì wà ní Derbyshire, ibi tó jìnnà réré sí Devon. Ìdílé Courtenay wà ní ààfin Powderham, lẹ́bàá ìlú Exeter. Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ kọ ipò oyè náà (Duke, Marquess, Earl, Viscount tàbí Baron), orúkọ rẹ̀ àti ọdún tí wọ́n dá a sórí ìlà kan ṣoṣo: Earl, Devon, 1553. Ìlà yẹn ni ẹ ó máa wò kí ẹ má baà ṣìnà.

2. Ẹ wádìí bóyá ìwé ìpè ló dá a tàbí lẹ́tà àṣẹ

Àwọn oyè Baron tó lọ́jọ́ lórí jù lọ, ìwé ìpè ló bí wọn. Ọba á ránṣẹ́ pe ọkùnrin kan wá sí ìgbìmọ̀ aṣòfin, ọkùnrin náà á wá jókòó, òfin á sì gbà pé ó ti di Baron, òun àti ìran rẹ̀. Oyè Baron de Ros, tí wọ́n ń ka ọjọ́ orí rẹ̀ láti 1264, jẹ́ ọ̀kan lára wọn. Nínú irú oyè báyìí, obìnrin lè jogún bí kò bá ní arákùnrin. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé òfin kò mọ àgbà láàárín àwọn obìnrin. Bí Baron bá fi ọmọbìnrin mẹ́ta sílẹ̀ láìsí ọkùnrin, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ni oyè ní dọ́gbandọ́gba, oyè kò sì ṣeé gé sí mẹ́ta, nítorí náà ṣe ni yóò dúró láìsí ẹni tó ń jẹ ẹ́, àyàfi tí ìran àwọn mìíràn bá tán tó ku ẹ̀ka kan, tàbí tí ọba bá fa ẹnì kan yọ nínú wọn. Oyè Baron Grey ti Codnor dúró bẹ́ẹ̀ láti 1496 títí di 1989.

Lẹ́tà àṣẹ bẹ̀rẹ̀ fún oyè Baron ní 1387, nígbà tí Richard II fi lẹ́tà sọ John Beauchamp di Baron ti Kidderminster. (Ọkùnrin náà kò gbádùn oyè ọ̀hún, ọdún kejì ni wọ́n bẹ́ ẹ lórí.) Láti ìgbà náà, lẹ́tà ló gbilẹ̀, lẹ́tà sì máa ń sọ ní kedere ẹni tó lè jogún.

3. Ẹ ka gbólóhùn ìjogún inú lẹ́tà náà lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan

Bí ẹ ó bá fi sùúrù ṣe ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo, kí ó jẹ́ èyí. Gbólóhùn tó wọ́pọ̀ ni pé ọba fún lágbájá ní oyè, "fún òun àti àwọn àrólé rẹ̀ ọkùnrin tí wọ́n ti ara rẹ̀ jáde." Ìyẹn ni pé ọmọkùnrin, ọmọ ọmọkùnrin, títí lọ, láti ara ẹni àkọ́kọ́ nìkan. Àbúrò rẹ̀ kò sí níbẹ̀, ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Tí ẹni àkọ́kọ́ bá kú láìbímọkùnrin, oyè bá a kú.

Ẹ wá wo lẹ́tà 1553. Lẹ́yìn tí Henry VIII pa Marquess ti Exeter, wọ́n ti ọmọkùnrin rẹ̀, Edward, mọ́ inú ẹ̀wọ̀n Tower ní London láti kékeré. Nǹkan bí ọdún 15 ló lò níbẹ̀. Inú ẹ̀wọ̀n ló dàgbà sí, ibẹ̀ ló ti kàwé, ibẹ̀ náà ló sì wà títí Mary I fi gorí ìtẹ́ ní 1553, tó tú u sílẹ̀, tó sì fi í jẹ Earl ti Devon ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà. Èdè Látìn ni wọ́n fi kọ lẹ́tà rẹ̀. Ó ní oyè wà fún òun àti àwọn àrólé rẹ̀ ọkùnrin títí láé. Gbólóhùn náà parí síbẹ̀. "Tí wọ́n ti ara rẹ̀ jáde" kò sí níbẹ̀.

Edward kú ní Padua, ní Ítálì, ní 1556. Kò gbéyàwó, kò bímọ. Gbogbo ayé gbà pé oyè ti kú, débi pé wọ́n tún fún ìdílé Cavendish ní oyè tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ọ́, bí mo ṣe sọ. Ọdún 275 kọjá. Àwọn ìbátan Edward ní Powderham ń jẹ́ Courtenay wọn lọ, wọ́n gba oyè Viscount ní 1762, ẹnikẹ́ni kò sì pè wọ́n ní Earl.

Ìbátan Viscount kẹta, tó ń ṣiṣẹ́ ní House of Lords (ilé aṣòfin àgbà) fúnra rẹ̀, ló gbé ọ̀rọ̀ náà dìde. Àlàyé wọn ni pé bí lẹ́tà kò bá ti sọ pé kí àrólé ti ara Edward jáde, àrólé ọkùnrin láti ẹ̀ka yòówù nínú ìdílé Courtenay ló lè jogún. Ẹ wo bí a ṣe ní láti gòkè tó kí a tó rí ibi tí ẹ̀ka Powderham àti ẹ̀ka Edward ti pàdé: ọ̀dọ̀ Earl Hugh Courtenay tó kú ní 1377! Sir Philip Courtenay ti Powderham jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin Hugh yìí, ìran Edward sì wá láti ọ̀dọ̀ ọmọkùnrin rẹ̀ mìíràn. Ní 1831, House of Lords dá wọn láre. Viscount kẹta, tó ń gbé ní ìlú Paris nígbà náà, di Earl kẹsàn-án, torí wọ́n ka gbogbo àwọn tó yẹ kó ti jẹ ẹ́ láàárín mọ́ ọn bí ẹni pé wọ́n jẹ ẹ́.

Ó kú ní 1835 láìní ìyàwó. Oyè méjì ló wà lórí rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Lẹ́tà Viscount ti 1762 ní gbólóhùn tó wọ́pọ̀ yẹn nínú, nítorí náà oyè Viscount kú. Lẹ́tà Earl kò ní i, nítorí náà oyè Earl bọ́ sọ́wọ́ ìbátan rẹ̀ tó ṣiṣẹ́ ní House of Lords, ó sì wà nínú ìdílé náà títí di òní.

Àwọn oyè kan tún wà tó ní gbólóhùn ìjogún àkànṣe. Òfin 1706 ló jẹ́ kí ọmọbìnrin lè jogún oyè Duke ti Marlborough, ìdí nìyẹn tí Henrietta, ọmọ Duke àkọ́kọ́, fi jẹ Duchess ní 1722. Lẹ́tà 1947 tó fi Mountbatten jẹ Earl dárúkọ àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ torí kò ní ọkùnrin, àkọ́bí rẹ̀ Patricia sì jẹ oyè lẹ́yìn rẹ̀ ní 1979. Ẹ má ṣe fojú inú mọ̀ ọ́n, ẹ wá ọ̀rọ̀ lẹ́tà gan-an.

4. Ẹ to ìdílé náà

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ ẹni àkọ́kọ́, kí ẹ máa sọ̀ kalẹ̀. Ìran àkọ́bí ọkùnrin gbọ́dọ̀ tán pátápátá kó tó kan ìran ọmọkùnrin kejì. Bí àkọ́bí bá kú ṣáájú bàbá rẹ̀ ṣùgbọ́n tó fi ọmọkùnrin sílẹ̀, ọmọ yẹn ló ni oyè, àbúrò bàbá rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ yà á. Ibi yìí ló máa ń rú àwa Yorùbá lójú, torí lọ́dọ̀ wa ọ̀pọ̀ ìdílé kò ní gbé oyè ka orí ọmọdé nígbà tí àgbà wà.

Ọmọ tí a bí kí àwọn òbí rẹ̀ tó ṣègbéyàwó kò lè jogún oyè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kódà bí wọ́n bá padà ṣègbéyàwó. Ọmọ tí a gbà tọ́ kò lè jogún. Ọmọbìnrin kò sì lè jogún níbi tí lẹ́tà bá ti sọ pé ọkùnrin. Charles Courtenay, Earl kọkàndínlógún ti Devon, tó jẹ oyè lẹ́yìn bàbá rẹ̀ ní 2015, ní ẹ̀gbọ́n mẹ́ta, obìnrin ni wọ́n, òun àbíkẹ́yìn ló sì gba oyè. Lójú tèmi, kò dára kí irú nǹkan báyìí ṣì máa ṣẹlẹ̀ láyé òde òní, ṣùgbọ́n ẹni tó ń tọpasẹ̀ oyè gbọ́dọ̀ tẹ̀lé lẹ́tà bó ṣe wà.

Láti 1837 ni ìjọba ti ń forúkọ ìbí, ìgbéyàwó àti ikú sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣáájú ìyẹn, ìwé ṣọ́ọ̀ṣì ni ẹ ó wò, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1538. Ṣáájú ìyẹn náà, ìwé ìhágún àti àkọsílẹ̀ ìwádìí tí àwọn aṣojú ọba máa ń ṣe lórí ilẹ̀ olóyè tó bá kú ló kù. Èyí tó le jù ni láti fi hàn pé ẹ̀ka àgbà ti tán. Kò tó láti wí pé "a kò gbọ́ nǹkan kan nípa ọmọ rẹ̀ mọ́". Ẹ ní láti rí ikú rẹ̀, kí ẹ sì rí i pé kò fi ọmọkùnrin sílẹ̀.

5. Ẹ wò ó bóyá oyè náà ti já níbì kan

Ṣáájú 1870, ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ lè gba oyè lọ́wọ́ ìdílé, bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí ìdílé Courtenay. Láti 1963, òfin gba ẹni tó jogún oyè láyè láti kọ̀ ọ́ láàárín oṣù 12. Tony Benn kọ oyè Viscount Stansgate lọ́dún náà kó lè padà jókòó gẹ́gẹ́ bí aṣojú nínú House of Commons, ilé aṣòfin kejì. Kíkọ̀ yẹn kò ju ọjọ́ ayé ẹni tó kọ̀ ọ́ lọ: nígbà tó kú ní 2014, ọmọ rẹ̀ gbà á.

Ẹ lè fi oyè kan tí a mọ̀ dánra wò. Ní 1928 ni wọ́n fi Frederick Lugard, ẹni tó so Àríwá àti Gúúsù Nàìjíríà pọ̀ ní 1914, jẹ Baron Lugard. Òun àti ìyàwó rẹ̀, Flora Shaw, kò bímọ. Ó kú ní 1945. Ẹ ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí oyè náà.

6. Ibi tí ìwé wà, àti bí wọ́n ṣe ń bèèrè oyè

Àkọsílẹ̀ àwọn lẹ́tà ọba wà ní National Archives, ní Kew, ní London. Ìwé ìròyìn ìjọba, London Gazette, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1665, wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì wúlò gan-an fún àwọn oyè tó dé lẹ́yìn ìgbà yẹn. College of Arms, tó wà ní London bákan náà, ní àkọsílẹ̀ ìdílé, ṣùgbọ́n ẹ máa sanwó bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n bá yín wá nǹkan.

Oyè kò gbé ilẹ̀ tàbí ilé dání. Ìwé ìhágún àti ètò ìdílé ló ń pín ìyẹn, nítorí náà ilé lè lọ sápá kan kí oyè lọ sápá kejì. Ní 1935, Earl ti Devon méjì kú lọ́dún kan náà, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, owó orí ikú sì wúwo lórí Powderham, bẹ́ẹ̀ ni oyè ń lọ ní tirẹ̀ láìsan kọ́bọ̀. Oyè báyìí kò sì ṣeé tà. Ohun tí àwọn kan ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní orúkọ "Lord" jẹ́ ẹ̀tọ́ orí ilẹ̀ àtijọ́ tàbí ilẹ̀ kékeré kan, kò sọ ẹnikẹ́ni di olóyè.

Ẹni tó bá jogún máa kọ̀wé sí Lord Chancellor, mínísítà tó ń bójú tó ètò ìdájọ́, pẹ̀lú ẹ̀rí ìbí, ìgbéyàwó àti ikú. Bí kò bá sí àríyànjiyàn, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ sínú Roll of the Peerage, ìwé orúkọ àwọn olóyè tí wọ́n ṣètò ní 2004. Tí àríyànjiyàn bá wà, Privy Council, ìgbìmọ̀ olùdámọ̀ràn ọba, lè gbọ́ ọ. Ní 2016, Privy Council gba àyẹ̀wò DNA wọlé nínú ọ̀rọ̀ oyè baronet (oyè àjogúnbá tó rẹlẹ̀ sí Baron) Pringle ti Stichill ní Scotland, àyẹ̀wò náà sì gbé oyè kúrò ní ẹ̀ka tó ń jẹ ẹ́ lọ sí ẹ̀ka mìíràn. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá tíì wọ inú Roll, ilé iṣẹ́ ìjọba kankan kò ní fi oyè pè é nínú ìwé, bó ti wù kí ẹ̀tọ́ rẹ̀ dájú tó.