Bí Sípóòkù Ẹ̀yìn Kẹ̀kẹ́ Mi Ṣe Dẹ́kun Jíjá

Sípóòkù (àwọn irin tín-ín-rín inú ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́) ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ tí mo ń gùn ní ọ̀nà olókùúta kì í yé já, ibì kan náà ló sì ti ń já: níbi tó ti tẹ̀ wọnú họ́ọ̀bù, ìyẹn àárín gbùngbùn ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, ní ẹ̀gbẹ́ tí ṣéènì wà. Pípààrọ̀ èyí tó já nìkan kò yanjú ọ̀rọ̀. Dídẹ̀ ló sábà ń pa sípóòkù ju líle lọ, nítorí pé bí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ti ń yí ni èyí tó dẹ̀ ń sọ̀ tó sì ń le, títí àárẹ̀ yóò fi mú irin náà.

Mo ní kí atúnkẹ̀kẹ́ṣe fi ríìmù (òrùka tí táyà ń wọ̀) alúmíníọ̀mù oníhò 32 hun ẹsẹ̀ náà lákọ̀tun, pẹ̀lú sípóòkù tó nípọn 2.0 mm ní ìpẹ̀kun méjèèjì, ṣùgbọ́n tó jẹ́ 1.8 mm láàárín, kí àárín tó tín-ín-rín yẹn lè máa nà díẹ̀ bí kẹ̀kẹ́ bá kọlu òkúta. Nọ́ọ̀tì idẹ ni mo yàn láti fi de sípóòkù mọ́ ríìmù. Ẹrẹ̀ tètè ń jẹ ti alúmíníọ̀mù. Nígbà tó hun ún tán, ó fọwọ́ fún sípóòkù méjì-méjì pọ̀ gírígírí, wọ́n dún kẹ́kẹ́, ó sì tún gbogbo wọn le dọ́gba. Ẹsẹ̀ náà wúwo díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, èyí tí kò dùn mí rárá, ṣùgbọ́n kò sí sípóòkù tó tún já.