Bí a ṣe ka ìwé ẹjọ́ gbèsè kan ní Èkó, láti ìwé ìbéèrè owó títí dé gbígba owó

Ẹjọ́ owó sìmẹ́ǹtì àti irin ìkọ́lé ni. Oníbàárà kan gba ọjà láwìn lọ́wọ́ màmá kan tó ní ṣọ́ọ̀bù, ó san díẹ̀, ó sì dákẹ́. Nítorí pé owó náà kò ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ, kóòtù ẹjọ́ kéékèèké tí Ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ lábẹ́ àwọn májísíréètì ní ọdún 2018 ló tọ́ sí. Ẹni tó bá pẹjọ́ níbẹ̀ lè ro ẹjọ́ ara rẹ̀ láìgba lọ́yà. Èmi ni mo jókòó ti màmá, a jọ ka ìwé kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Ìbéèrè mẹ́ta la ń bi ọ̀rọ̀ kóòtù kọ̀ọ̀kan tí a bá bá pàdé: ta ló ń bá wí, kí ló ní kó ṣe, ọjọ́ mélòó ló fún un? Ọ̀rọ̀ tí a kò bá rí ìdáhùn yìí fún, a kì í kọjá rẹ̀.

Ìwé àkọ́kọ́ ni fọ́ọ̀mù SCA 1, èyí tí a fi ń béèrè owó lọ́wọ́ ajigbèsè kí a tó lọ sí kóòtù. A kọ iye owó, ọjọ́ tó gba ọjà àti ọjọ́ tí a fẹ́ kó san án tán. Ẹnì kan ti gba màmá nímọ̀ràn pé kí wọ́n kọ “without prejudice” sókè rẹ̀. Mo ní kí wọ́n yọ ọ́. Orí ìwé tí a fi ń dúnàádúrà kí ìjà lè parí láìdé kóòtù ni ọ̀rọ̀ yẹn ń gbé. Abala 196 nínú Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 kò jẹ́ kí a fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ ṣe ẹ̀rí nínú ẹjọ́ gbèsè. Ìwé ìbéèrè owó sì rèé, ẹ̀rí gan-an la fẹ́ fi ṣe. Kí ni èrè ẹni tó bá fún ẹnì kejì láàyè láti ní kí wọ́n gbé e sọnù?

“Liquidated money demand” ló tẹ̀ lé e, òun ló sì ń lé ọ̀pọ̀ èèyàn padà ní ẹnu ọ̀nà. Owó tí iye rẹ̀ ti dájú ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, owó tí a lè fi ìwé àti ìṣirò dé ìdí rẹ̀. Báyìí ni a ṣe ti màmá: àpò sìmẹ́ǹtì 120 ní ₦9,500 jẹ́ ₦1,140,000, irin 60 ní ₦12,000 jẹ́ ₦720,000, àpapọ̀ rẹ̀ ₦1,860,000. Oníbàárà ti san ₦500,000, ó ku ₦1,360,000. Màmá fẹ́ fi ₦300,000 kún un nítorí ìtìjú àti wàhálà tí ọkùnrin náà kó bá wọn. Ìyà náà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kò sí ìwé tó fi iye rẹ̀ hàn, adájọ́ nìkan ló lè díye lé irú rẹ̀, kì í sì í ṣe ní kóòtù yìí. A yọ ọ́ kúrò.

Lẹ́yìn náà ni orúkọ. “Claimant” ni ẹni tó pẹjọ́, “defendant” ni olùjẹ́jọ́. Ó dà bí ohun kékeré, àmọ́ orúkọ tí kò tọ̀nà lè ba gbogbo iṣẹ́ jẹ́. Orúkọ tó wà lára pátákó ìta ilé ìtajà oníbàárà náà kò ní “Limited” nídìí. Nígbà tí a wo àkọsílẹ̀ CAC, àjọ tó ń forúkọ kọ́ńpìnnì àti òwò sílẹ̀, orúkọ òwò lásán ni, kì í ṣe kọ́ńpìnnì. Orúkọ òwò kì í ṣe ẹ̀dá lójú òfin, a kò lè pè é lẹ́jọ́ bí a ṣe ń pe kọ́ńpìnnì. Orúkọ ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ la kọ́kọ́ kọ, a wá fi kún un pé òun ló ń fi orúkọ òwò yẹn ṣòwò. Bó bá jẹ́ kọ́ńpìnnì ni, bó ṣe wà ní CAC gẹ́lẹ́ la ó ṣe kọ ọ́, títí dé “Limited” yẹn.

Fọ́ọ̀mù SCA 2 ni ìwé ìpẹ̀jọ́. Lẹ́yìn tí a san owó rẹ̀ ni kóòtù fi SCA 3, ìyẹn sámáńsì, síta. Kì í ṣe olùpẹjọ́ ló ń gbé sámáńsì fún olùjẹ́jọ́. Bélífì kóòtù ló ń gbé e láàrin ọjọ́ 7, yóò sì búra sí ìwé pé òun ti fi lé e lọ́wọ́. Ìwé ìbúra yẹn, “affidavit of service”, ṣe pàtàkì púpọ̀, torí pé láìsí i, májísíréètì kò ní mọ̀ bóyá olùjẹ́jọ́ gbọ́ nípa ẹjọ́ náà. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń fà gùn jù náà nìyí. Àdírẹ́sì tó ní “lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí” nìkan kò tó bélífì í ṣiṣẹ́ lé. A ya àwòrán ojú ọ̀nà, a kọ nọ́ńbà ilé àti àwọ̀ géètì. Bí olùjẹ́jọ́ bá ń sá, ẹ lè bẹ kóòtù fún “substituted service”, kí wọ́n lè lẹ ìwé náà mọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ tàbí kí wọ́n gbé e gba ọ̀nà mìíràn.

Olùjẹ́jọ́ ní ọjọ́ 7 láti fèsì lórí fọ́ọ̀mù SCA 5. Nínú rẹ̀ ló ti lè jiyàn, ó lè gbà pé òun jẹ owó, ó sì lè pẹjọ́ padà. Ìpẹ̀jọ́ padà, “counterclaim”, kì í ṣe àwáwí lásán: ẹjọ́ tuntun ni, a gbọ́dọ̀ fèsì sí i. Bí olùjẹ́jọ́ bá dákẹ́, kóòtù lè kà á sí pé ó gbà.

Ní ti ẹ̀rí, ẹni tó bá fẹ́ kí kóòtù ṣe nǹkan fún òun ni yóò kọ́kọ́ fi ẹ̀rí hàn. Nínú ẹjọ́ gbèsè, a kò sọ pé kí ó dájú kọjá iyèméjì bí ti ọ̀daràn; ẹ̀rí ẹni tó bá wúwo jù lórí òṣùwọ̀n ló ń borí. Ìjíròrò WhatsApp ló gbé ẹjọ́ màmá ró, níbi tí ọkùnrin náà ti kọ ọ́ pé “màá san ìyókù lópin oṣù”. Títẹ̀ ẹ́ jáde nìkan kò tó. Abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí ń béèrè ìwé ẹ̀rí tó sọ irú fóònù àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí a lò, pé a ń lò wọ́n déédéé, pé wọ́n ṣiṣẹ́ dáadáa, kí ẹni tó ń lò wọ́n sì fọwọ́ sí i.

Yorùbá ni màmá fi jẹ́rìí, ògbufọ̀ sì ń túmọ̀ rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni májísíréètì ń kọ sílẹ̀, ohun tó bá kọ ni ilé ẹjọ́ gíga yóò kà lọ́jọ́ iwájú. Nítorí náà, gbólóhùn kúkúrú kan, kí ẹ dúró de ògbufọ̀, kí ẹ tó sọ èkejì. “Mi ò rántí” àti “kò rí bẹ́ẹ̀” kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹni tó bá fi èkíní dípò èkejì ti ba ẹ̀rí ara rẹ̀ jẹ́.

Ọ̀rọ̀ méjì kan wà tí àwọn èèyàn máa ń dà pọ̀. Ẹjọ́ tí wọ́n “struck out” lè padà wá bí ohun tó dí i lọ́wọ́ bá kúrò. Èyí tí wọ́n “dismissed” lẹ́yìn tí wọ́n ti gbọ́ tẹnu ẹni méjèèjì ti parí ní kóòtù yẹn, àfi kòtẹ́milọ́rùn. Kí ẹ gbọ́ èwo ni adájọ́ sọ kí ẹ tó kúrò nínú kóòtù.

Ìlànà fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ parí láàrin ọjọ́ 60, ó sì fún ẹni tí inú rẹ̀ kò dùn sí ìdájọ́ ní ọjọ́ 14 láti pe kòtẹ́milọ́rùn. Àmọ́ pípe kòtẹ́milọ́rùn nìkan kò dá ìdájọ́ dúró. Olùjẹ́jọ́ gbọ́dọ̀ tọrọ “stay of execution” kí kóòtù sì fi fún un. Màmá jàre, ọkùnrin náà kò tọrọ nǹkan kan, kò sì san. Ó ku kí a yan láàrin “fifa”, àṣẹ tí bélífì fi ń kó ẹrù ajigbèsè lọ tà, àti “garnishee”, tó ń dojú kọ owó rẹ̀ ní báńkì. Garnishee la mú, nítorí a ti mọ báńkì tó fi san ₦500,000. Kóòtù kọ́kọ́ ṣe “order nisi”: báńkì kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ajigbèsè fọwọ́ kan iye náà, kí báńkì sì wá sọ ohun tó wà nínú àkáǹtì rẹ̀. Nígbà tí báńkì kò rí ìdí tí kò fi yẹ kó san, ó di “order absolute”, owó sì kúrò níbẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ màmá.